Gáàsì Ìdáná Láti Inú Àjẹkù Oúnjẹ Ilé Ìwòsàn

 Ẹ ti ka ìwé kìíní, ẹ ti ka ìkejì, ẹ sì ti ń kọ orúkọ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di ọwọ́ yín mú. Nítorí náà, a kò mú ọ̀rọ̀ a, b, d wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ààtàn ni a mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ààtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni a ń wí, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí yóò mọ ohun tí a ń sọ. Aláìsàn kì í sábà jẹun tán. Wọn a gbé ẹ̀kọ wá fún un, yóò mu ìlàjì. Wọn a bu ìrẹsì fún un, yóò fi ṣíbí kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ní ó tó. Àwọn ẹbí rẹ̀ náà a tún gbé àmàlà àti ọbẹ̀ wá láti ilé, nítorí wọ́n gbà pé oúnjẹ ilé ni yóò tètè mú un lára dá. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, garawa ti kún. Kò sí ẹni tí a lè bá wí nípa èyí, ara tí kò yá ló fà á.

Ibo ni garawa náà ń lọ? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀yìnkùlé ni. Wọn a dà á sórí ààtàn, òjò a pa á, oòrùn a pa á, yóò rà, yóò máa rùn. Eṣinṣin a bò ó. Eṣinṣin yìí kan náà ni yóò fò gba ojú fèrèsé wọ inú wọ́ọ̀dù, tí yóò lọ bà lé ojú egbò. Bí ó bá di òru, eku a dé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eku. Ní 1969 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ dá àìsàn kan mọ̀ ní ìlú Lassa, ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi pè é: ibà Lassa. Eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó máa ń wọ inú ilé wá oúnjẹ, ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó o sínú oúnjẹ àti sára àwo. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ pàápàá. Ilé ìwòsàn tó bá wá ń fi àjẹkù bọ́ eku ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi ọwọ́ kan lé àìsàn, ó sì ń fi ọwọ́ kejì pè é wọlé?

Ẹ tún wá wo inú ilé ìdáná kan náà. Bí wọ́n bá ń fi igi dáná níbẹ̀, ojú àwọn alásè a pọ́n bí ata, wọn a máa wúkọ́. Bí ó bá sì jẹ́ gáàsì inú sílíńdà ni, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta gáàsì. Ilé ìwòsàn a máa ra iná níwájú, a sì máa da iná nù lẹ́yìn.

Báwo ni iná ṣe dé inú àjẹkù? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ dá wa lóhùn: bí ẹ bá rẹ àgbàdo sínú omi tó tó ọjọ́ mẹ́ta, kí ni ẹ máa ń rí lójú omi? Ìfófòó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fùfú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹmu. Ohun tó ń fófòó yẹn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín ń tú jáde bí wọ́n ti ń jẹun. Ojú wa kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n a ń rí iṣẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ògì kò lè jó. Ṣùgbọ́n bí a bá dé oúnjẹ tó ń rà mọ́lẹ̀ pinpin, tí atẹ́gùn ìta kò lè kàn án rárá, àwọn kòkòrò mìíràn á jí sí iṣẹ́, afẹ́fẹ́ tiwọn a sì máa gbiná. Ní 1776, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ń jẹ́ Alessandro Volta ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Maggiore, ó gba ìfófòó tó ń jáde níbẹ̀ sínú ìgò, ó fi iná sí i, ó sì jó. Afẹ́fẹ́ tó ń jó yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹ́téènì. Nínú gáàsì àjẹkù tí a bá pín sí ọ̀nà 100, mẹ́téènì a máa kó bí 50 sí 70. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù jẹ́ irú afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí jáde, kò lè jó.

Ẹ fi ọkàn bá wa lọ síbi tí a fẹ́ dé yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi kòkòrò méjì pàtàkì ló ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá gáàsì. Àwọn ti àkọ́kọ́ yára bí iná ọyẹ́. Wọn a já oúnjẹ wẹ́wẹ́, wọn a sọ ọ́ di omi kíkan, bí omi ògì tó ti pẹ́. Àwọn ti ìkejì ni wọ́n ń mu omi kíkan yìí, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di gáàsì. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí lọ́ra, wọ́n sì ní ìwọ̀sí: wọn kò fẹ́ òtútù, wọn kò fẹ́ ìyípadà òjijì, wọn kò sì fẹ́ kí kíkan náà pọ̀ ju agbára wọn lọ. Bí a bá da àjẹkù tó pọ̀ jù sínú àgbá lẹ́ẹ̀kan, àwọn ti àkọ́kọ́ a sọ gbogbo rẹ̀ di kíkan kí àwọn ti ìkejì tó mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbá a kan gọgọ. Gáàsì a dá. Ìgbẹ́ màlúù kì í tètè ṣe báyìí, nítorí inú màlúù ti jẹ ohun tó rọrùn nínú rẹ̀ tán. Àjẹkù ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹ̀bà ni kì í fi àkókò ṣòfò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú gáàsì púpọ̀ wá, nítorí náà náà ni wọ́n sì ṣe ń tètè ba àgbá jẹ́.

Ẹ lè rò pé ohun tuntun ni èyí. Rárá o. Ní Matunga, ní ìlú tí à ń pè ní Mumbai báyìí ní ilẹ̀ Íńdíà, ibùdó ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ kan ti ń gba gáàsì láti inú ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Ẹ rí i pé ilé ìtọ́jú aláìsàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ní Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti bí 1895 ni wọ́n ti fi gáàsì inú kòtò ìdọ̀tí tan àtùpà. Láti bí 2001, wọ́n ti kọ́ àwọn àgbá ńláńlá sínú ilẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Ruwáńdà. Ìgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń lọ sínú rẹ̀, gáàsì rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń se oúnjẹ wọn, tí igi ìdáná tí wọ́n ń rà fi dín kù tó bí ìdajì. Nílé wa níhìn-ín, Joseph Adelegan ló ṣe aṣáájú ètò kan láti sọ omi ìdọ̀tí ilé ìpẹran Bódìjà ní Ìbàdàn di gáàsì, ètò náà sì gba ẹ̀bùn SEED ní 2005.

Ní ti àjẹkù oúnjẹ gan-an, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ìwádìí Bhabha ní Trombay, ní Mumbai kan náà, ṣe irú àgbá kan tí wọ́n pè ní Nisargruna. Ẹ̀rọ a kọ́kọ́ lọ àjẹkù náà pẹ̀lú omi gbígbóná, yóò lo ọjọ́ díẹ̀ nínú àgbá kékeré kan, kí ó tó wọ àgbá ńlá tí gáàsì ti ń jáde. Àgbá kékeré yẹn ni àwọn ti àkọ́kọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ wàdùwàdù wọn, kí wọ́n má baà dí àwọn ti ìkejì lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì wù wá púpọ̀. Àwọn ìjọba kan ti fi òfin sí i pẹ̀lú. Láti October 2014, òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ tí àjẹkù rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù kan lọ́sẹ̀ dà á sórí ààtàn mọ́. Láti 2022, ìdajì tọ́ọ̀nù ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí March 2025, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ya àjẹkù oúnjẹ sọ́tọ̀, ilé ìwòsàn sì wà nínú rẹ̀.

Ó dáa, ẹ mú bírò yín. Ká sọ pé ilé ìwòsàn kan ń rí àjẹkù kílò 100 lójúmọ́. A ó fi omi lítà 100 pò ó, kí ó lè ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Àpapọ̀ rẹ̀ tó lítà 200, ìyẹn ni dúrọ́ọ̀mù epo kan. Ó yẹ kí ohun tó wọlé lónìí lo bí 40 ọjọ́ nínú àgbá kí ó tó jáde. Nítorí náà, àgbá náà gbọ́dọ̀ gba dúrọ́ọ̀mù 40, ìyẹn lítà 8,000, kí àyè sì tún ṣẹ́ kù lókè fún gáàsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, kílò 100 yẹn a máa mú gáàsì bíi mítà oníhà mẹ́ta 10 sí 15 wá lójúmọ́. Mítà kọ̀ọ̀kan tó ìdajì kílò gáàsì sílíńdà, tàbí kó dín díẹ̀. Ìyẹn ni pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ilé ìwòsàn yóò ti rí gáàsì tó tó sílíńdà oníkílò 12.5 kan. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tàn yín jẹ. Bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ yín pé àjẹkù yóò tan iná gbogbo wọ́ọ̀dù, yóò sì gbé ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún un pé kó jókòó kó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú yín. Ilé ìdáná ni gáàsì yìí wà fún. Ó lè dín owó gáàsì kù, kò lè pa á rẹ́.

Kí ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgbá? Ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewé ẹ̀kọ, egungun ńlá, àti èèpo ẹyin tó ń lọ dì sí ìsàlẹ̀. Èèpo ọsàn tó pọ̀ kò dára, oje ara rẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò wa. Òróró tó pọ̀ náà kò dára. Èyí tó burú jù ní ilé ìwòsàn ni oògùn. Izal tí a fi fọ ilẹ̀, omi tí a fi pa kòkòrò ara àwo, hóró oògùn tí aláìsàn kò gbé mì tó sì jù sínú àwo, ìwọ̀nyí ni a dìídì ṣe láti pa kòkòrò, wọn kò sì mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí kòkòrò búburú. Òwú, báńdéèjì àti abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ yẹ kó sún mọ́ garawa náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjẹkù àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn tó ń ràn, bí ibà Lassa tàbí onígbáméjì. Ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí eléwu ni ti ìyẹn. Àgbá gáàsì a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í gbóná tó láti pa gbogbo àrùn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà tó wọ́pọ̀ fún ohun tó ti ara ẹran wá ni pé kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ kó má ju mìlímítà 12 lọ, kí wọ́n sì fi wákàtí kan mú un gbóná dé ìwọ̀n 70, nígbà tí omi híhó jẹ́ 100.

Nítorí èyí, a kò fara mọ́ kí wọ́n da omi tó ń jáde nínú àgbá sórí ewébẹ̀ tí a máa jẹ ní tútù. Ajílẹ̀ gidi ni omi náà. Ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sídìí ọ̀pẹ, tàbí sí oko àgbàdo kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ewu. Gáàsì yìí pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán nínú yàrá tí a tì pa lè bú gbàù. Ojú fèrèsé ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ga, kó sì ṣí, torí pé mẹ́téènì fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu sìgá nítòsí àgbá. Bí ẹ bá fura pé páìpù ń jò, ẹ ho ọṣẹ sí oríkèé rẹ̀. Ibi tó bá ń ru ni ihò wà. Ẹ má fi ìṣáná wá a o! Afẹ́fẹ́ kan tún wà nínú gáàsì náà tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Májèlé ni, a sì máa jẹ irin sítóòfù. Wọn a máa kó irin wẹ́wẹ́ tó ti dógùn-ún sínú páìpù láti fà á mọ́ra. Bí ó bá pọ̀, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ẹni náà a rò pé ó ti lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgbá, ìbáà ṣófo, ìbáà jẹ́ pé nǹkan bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ti àwọn tó kú sínú kànga àti sáláńgá: ẹnì kan wọlé, kò jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé láti gbé e, òun náà kò jáde.

Ní báyìí, a fẹ́ sọ ohun tó mú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí kíláàsì ìwé kíkà. A dé ilé ìwòsàn kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí àgbá gáàsì rẹ̀ ti kú. Koríko ti hù yí i ká. A bèèrè ohun tó pa á. Ọ̀gá kan ní ẹ̀rọ náà kò dára. Òmíràn ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ti lọ síbòmíràn. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ wá rọra sọ fún wa pé òun mọ ọjọ́ tó kú. Ó ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, tí wọ́n kó gbogbo àjẹkù àsè dà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì ìkòkò mẹ́rin. Ó ní láti ọjọ́ kẹta ni iná ti ń kú díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń ta kíkan sí imú. Kò sí ẹni tó bi ìyá yìí. Kò sì sí ibi tí ó lè kọ ọ́ sí, nítorí kò tíì mọ̀wé nígbà náà. Bí wọ́n bá ti mọ̀ lọ́jọ́ kẹta yẹn, kí wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì bu ìgbẹ́ màlúù tútù díẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jí.

Àwọn tó ń kọ́ àgbá gáàsì a máa ná owó sórí símẹ́ńtì àti páìpù, wọn a sì gbàgbé ìwé eléyọ kan tó yẹ kó so mọ́ ara ògiri. Àwa gbà pé ìwé yìí ṣe pàtàkì tó símẹ́ńtì. Ẹni tó sì yẹ kó máa kọ ọ́ ni ẹni tó ń gbé garawa, kì í ṣe ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì. Bí yóò ṣe rí nìyí:

Ọjọ́ Ajé. Àjẹkù: kílò 90. Omi: garawa oní-lítà-10, 9. Iná: ó jó wákàtí 5. Òórùn: kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àjẹkù: kílò 95. Omi: garawa 9 àti ààbọ̀. Iná: ó jó wákàtí 5. Òórùn: kò sí.

Ọjọ́rú. Àjẹkù: kílò 160, wọ́n ṣe àsè. A da 95 sínú àgbá, a dé ìyókù mọ́lẹ̀ di ọ̀la. Iná: wákàtí 5.

Ẹ wo ti Ọjọ́rú yẹn dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ ti gba àgbá là, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín kò lè kọ.

Bí àgbá bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ ti ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbẹ́ màlúù tútù tí a fi omi pò ni wọ́n ń kọ́kọ́ rọ sínú rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò wa ti ń wá. Wọn a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gáàsì tó kọ́kọ́ jáde kì í jó dáadáa, afẹ́fẹ́ ìta ṣì wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú títan iná sí i. Ẹ jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹkù sí i, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì kan, ìyá àgbà kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Tíṣà, ọbẹ̀ tí a bá fi gáàsì ìdọ̀tí sè, ṣé kò ní rùn?” A ní rárá, Màmá. Bí ó bá jó, òórùn a jó pẹ̀lú rẹ̀. Iná rẹ̀ a máa ní àwọ̀ aró, kì í sì í sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Bí ẹ bá ń gbóòórùn nígbà tí iná ń jó, ó ti ń jò níbì kan nìyẹn, ẹ pa á, kí ẹ sì wá ọṣẹ.

Bàbá kan bèèrè bí ó bá ṣeé ṣe nínú ilé lásán. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ń ṣe é ní Íńdíà àti ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n ilé tó ń jẹ ẹ̀bà tán lálẹ́ kò ní àjẹkù tí yóò fi bọ́ àgbá. Ilé ìwòsàn ní in lójoojúmọ́, ó ní ilẹ̀, ó ní alásè, ó sì ní ẹni tó ń gbé garawa.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé onílà kan wá. A ó fa ìlà rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún: ọjọ́, àjẹkù, omi, iná, òórùn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn, tàbí ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́, kó wọn garawa rẹ̀ fún ọjọ́ méje, kó kọ ọ́, kó sì mú un wá kí a jọ rò ó pọ̀.